Mo fẹ́ bọ́ kákí lẹ́yìn ọdún 23: kí ni ó yẹ kí n ti ṣe sílẹ̀?

Ọmọ Odògbó, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Sitáàfù Sájẹ́ǹtì ni mí nínú iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 23 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ tí mo ti wọ Depot ní Zaria, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti gbé mi lọ sí ojú ogun ní ìpínlẹ̀ Borno. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀yìntì mi báyìí. Láìpẹ́, n óò lọ sí Oṣòdì, sí ilé ìkọ́ṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní NAFRC, fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ olóṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fún àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìntì. Tí mo bá ti kúrò níbẹ̀, mo di ará ìlú.

Báráàkì ni mo gbé ìyàwó sí, ibẹ̀ ni a bí ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, mámì màkẹ́ẹ̀tì ni ìyàwó mi sì ti ń ta oúnjẹ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. A kò ní ilé tiwa. Ilẹ̀ kan wà tí mo rà sí apá Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbé ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwé, lórí owó, àti lórí iṣẹ́ tí mo lè ṣe. Mo sì fẹ́ béèrè ohun kan tí n kò lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ wà ní báráàkì: n kì í sùn dáadáa mọ́. Ṣé yóò lọ fúnra rẹ̀ tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni?

Àgbà Alámàlà, Abẹ́òkúta

Àbúrò, kú oríire, kú ewu ogun. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà nígbà ECOMOG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mo sì wà ní Freetown ní Sierra Leone ní oṣù kìíní ọdún 1999 nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà. Warrant Officer ni mí nígbà tí mo fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni n óò sọ, nítorí pé òun ni ó fi ìyà jẹ mí jù, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ ọ́.

Orúkọ tí mo fi wọ iṣẹ́ ológun yàtọ̀ díẹ̀ sí orúkọ tó wà nínú ìwé báńkì mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọn kò kọ sí i nínú orúkọ bàbá mi. Ọdún gbọọrọ ni mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó sọ pé lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì, àfi ìgbà tí mo fẹ̀yìntì tí wọ́n ń dá mi padà láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ìyàwó mi sì ń jẹ gbèsè gaàrí. Nítorí náà, kí o tó kúrò ní báráàkì, tẹ́ gbogbo ìwé rẹ sórí tábìlì: ìwé ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga kọ̀ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti BVN. Wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá yàtọ̀ níbì kan, ìsinsìnyí tí o ṣì ní nọ́ńbà iṣẹ́ àti ọ̀gá tó lè kọ lẹ́tà fún ọ ni kí o tún un ṣe.

Èkejì ni Part Two Orders. O mọ̀ ọ́n, òun ni ìwé tí wọ́n fi ń kéde ìgbéyàwó wa àti ìbí àwọn ọmọ wa nínú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ sójà bí ọmọ mẹ́rin, tí ó jẹ́ pé méjì ni wọ́n kéde. Béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka rẹ, kí o sì rí i pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti dé ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ àwọn ológun ní Lọ́kọ́jà, nítorí pé fáìlì tó wà ní Lọ́kọ́jà ni wọn yóò wò lọ́jọ́ iwájú. Níbẹ̀ náà ni kí o ti wo orúkọ ẹni tí o sọ pé yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ tí o kò bá sí. Nígbà tí a wọṣẹ́, tí a kò tíì níyàwó, orúkọ ìyá wa ni púpọ̀ nínú wa kọ. Ìyá tèmi ti kú ní ọdún méje kí n tó rántí pé orúkọ rẹ̀ ṣì ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, mọ ibi tí owó rẹ yóò ti wá. Military Pensions Board ní Àbújá ni ó ń san owó àpapọ̀ (gratuity, èyí tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) àti owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù fún àwa ológun. A kò sí nínú ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù ń dá owó sí mọ́, wọ́n ti yọ wá kúrò nínú rẹ̀ láti ọdún 2011. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá pè ọ́ lórí fóònù pé kí o san nǹkan kí ilé iṣẹ́ aládàáni kan lè tètè tú owó ìfẹ̀yìntì rẹ sílẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Má ṣe fún un ní nọ́ńbà kankan. Kí o sì tún mọ̀ pé abala 173 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún-márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá yí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú.

Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Kó ọ̀kan fún ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún un ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀dẹ

Mo ti ka ọ̀rọ̀ bàbá láti Alámàlà, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n dárúkọ ìyàwó ní ìparí ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé ìyàwó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ọjọ́ tí ọkọ bá fẹ̀yìntì ni ìyàwó báráàkì náà fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún un. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ta aṣọ àti ohun èlò ìdáná ní báráàkì. Mo mọ ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, mo mọ ẹni tí mo lè tà fún láwìn àti ẹni tí yóò sá. Nígbà tí a kó jáde, gbogbo oníbàárà mi dúró sí ẹ̀yìn géètì. A gba yàrá méjì ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, mo sì jókòó ti ẹrù mi fún ọ̀pọ̀ oṣù láìta. Owó àpapọ̀ ọkọ mi kò tíì jáde nígbà náà. Tí ìyàwó yín bá ti ń ta oúnjẹ láti ọdún mọ́kànlá, òun ni yóò gbé ilé yín dúró ní ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ bá jáde, nítorí náà, ẹ má dúró kí ẹ tó kó kúrò kí ó tó wá ìsọ̀ tuntun. Ẹ jẹ́ kí ó ti lọ wo ìsọ̀ ní ìlú tí ẹ fẹ́ gbé ní ìwọ̀n oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí ó máa lọ tà níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò ti mọ adùn ọbẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kó lọ, kí ilé tó tẹ̀ lé e.

Ohun kejì ni àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe fa ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC kúrò ní ilé ìwé rẹ̀ ní àárín ọdún ẹ̀kọ́ nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ kúrò nínú yàrá báráàkì ti pé. Ẹ wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò gbà á sọ́dọ̀ títí yóò fi ṣe tán. A kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Táíwò, ó sì tún ìwé náà kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kẹta ni ó le jù láti sọ. Nígbà tí ọkọ mi dé ilé pátápátá, òun kọ́ ni a mọ̀. Àwa mọ ọkùnrin kan tí ó máa ń wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó máa ń ra bísíkíìtì, tí ó sì máa ń padà. Ọkùnrin tí ó dé yìí ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ń yẹ abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ wò, ó fẹ́ mọ ẹni tí ó gbé gọ́ọ̀mù kúrò níbi tí ó fi sí. Bí a bá béèrè ìdí tí ó fi pàṣẹ, ó rò pé a kò bọ̀wọ̀ fún òun. Èmi náà sì ti ń pàṣẹ ilé náà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò pa á. Ìjà ni a ń jà lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan burú nínú wa. Ìyá ọkọ mi ni ó là á. Ó ní kí ọkọ mi mú ohun kan nínú ilé tí yóò jẹ́ tirẹ̀, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ṣe bá a fún ọdún kan. Ó mú ilé ìwé àwọn ọmọ: gbígbé wọn lọ, gbígbé wọn bọ̀, iṣẹ́ àmúrelé. Ibẹ̀ ni ó ti di bàbá wọn.

Nípa oorun tí ẹ kọ, ẹ má fi pamọ́ fún ìyàwó yín. Ó ti mọ̀. Mo wà ní báráàkì Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002 tí àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí bú ní ibi ìkóhun-ìjà sí, mo gbé ọmọ kan pọ̀n, mo fa ọ̀kan lọ́wọ́, mo sì sáré láìmọ ibi tí mò ń lọ. Títí di òní, tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójijì, ọwọ́ mi á wá àwọn ọmọ yẹn, àwọn tí wọ́n ti di àgbà. Nítorí náà, ohun tí ó ń jí yín lóru kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Jórinjórin, Agége

Ọ̀gá mi, Oṣòdì dára, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀sìn, iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán, kọ̀ǹpútà àti jórinjórin tí mo yàn. Oṣù mẹ́fà yóò jẹ́ kí ẹ mọ orúkọ irinṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò lè sọ yín di ọ̀gá. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ni pé a yan iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa yàn, a gba ìwé ẹ̀rí, a ya fọ́tò, a sì gbé ìwé náà kọ́ ara ògiri.

Nígbà tí mo jáde, mo lọ bá ọmọkùnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ pé kí ó gbà mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Ojú tì í láti máa rán mi níṣẹ́. Mo sọ fún un pé kí ó pè mí ní ìyekíye tó bá wù ú, kí ó ṣáà jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi jó irin. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé géètì, bí wọ́n ṣe ń gba àsansílẹ̀, àti irú oníbàárà tí kò yẹ kí a gba iṣẹ́ rẹ̀. Èyí kò sí nínú ẹ̀kọ́ kankan ní Oṣòdì. Ẹ yan iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe tí ó sì ń rí jẹ ní ìlú tí ẹ fẹ́ gbé, kì í ṣe èyí tó kàn wù yín. Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ ka iye ìsọ̀ jórinjórin tó wà lójú títì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí iná lò, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Onísùúrù, Òṣogbo

Kò rọrùn fún mi láti kọ èyí, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ fún mi nígbà náà, ì bá ti gbà mí.

Nígbà tí owó àpapọ̀ mi wọ báńkì, n kò tíì rí irú iye bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ẹbí tí n kò gbúròó wọn láti ọdún púpọ̀ ti gbọ́. Mo ra bọ́ọ̀sì kan, mo fà á lé àbúrò ìyá mi lọ́wọ́ láti máa fi gbé èrò, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ. Ẹni tí a jọ wà ní yàrá kan ní ojú ogun, ẹni tí ó gbé mi nígbà tí wọ́n yìnbọn lù mí lẹ́sẹ̀, ni ó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ṣogúndogójì. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọ́n san èlé bí wọ́n ṣe sọ. Ní oṣù kẹta, a bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Owó tirẹ̀ náà lọ. Kò tàn mí jẹ, òun náà gbà gbọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí: ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó dá ẹ̀mí wa sí nínú igbó ni a gbé wọ inú ọ̀rọ̀ owó, níbi tí kò ti ní agbára kankan. Àwa ológun kì í yẹ ọ̀rọ̀ ẹni tí a jọ jagun wò. Nínú owó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí mo bá tún ní àǹfààní rẹ̀, èyí ni n óò ṣe. N kò ní fi ọwọ́ kan owó náà fún oṣù mẹ́fà, n óò sì jẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ̀ pé mo ti fi dè é. N óò kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ mi kí n tó ronú òwò kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé páànù àti ilẹ̀kùn nìkan ni ó ní, nítorí pé owó ilé kì í sinmi, òun ni ó sì ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì tán. N óò wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní àdúgbò, n óò máa dá iye kékeré níbẹ̀ lóṣooṣù, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ilé ara wọn. Òwò yòówù tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà ni n óò kọ́kọ́ fi dán an wò fún ọdún kan. Kòtò ẹja àrọ̀ kan, kì í ṣe mẹ́fà.

Mo ṣì wà láàyè, mo ń ṣọ́ ilé ìwé kan lóru. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àrò, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá àìsùn náà yóò lọ fúnra rẹ̀. Fún àwọn kan, ó máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju oṣù kan lọ tí ẹ ń lá àlá ojú ogun, tí ẹ ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá gbá, tí ẹ ń yẹra fún ibi tí èrò pọ̀ sí, tàbí tí inú ń tètè bí yín sí àwọn ọmọ yín, dókítà ni ó yẹ kí ẹ rí. Àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé ẹ̀mí àwọn tó kú ń lépa yín. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí àwọn ológun tí wọ́n gbé yíká ilé àdúrà mẹ́rin kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, tí oògùn tí wọ́n ń dá lò fúnra wọn sì ti di ìṣòro kejì.

Ẹ má fi ọtí wá oorun. Ọtí máa ń tètè gbé ènìyàn sùn, á sì jí i ní aago méjì òru pẹ̀lú ọkàn tó ń lù kìkì. Ẹ má fi tramadol wá a, bó ti wù kí ẹni tó fún yín sọ pé òun ni gbogbo wọn ń lò níbẹ̀. Ìtọ́jú tí a ń ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, a sì máa ń fi oògùn kún un fún àwọn tó nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn àwọn ológun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lè wà nínú àkọsílẹ̀ pé iṣẹ́ ni ó fà á. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, Àrò wà, Yábàá wà, UCH náà ní ẹ̀ka tirẹ̀ ní Ìbàdàn níbẹ̀.

Ọmọ Odògbó, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn náà ní lọ́kàn. Ní ìlú mi, bí wọ́n bá rí ènìyàn ní Àrò, wọ́n ti sọ pé ó ya wèrè nìyẹn. Ọmọbìnrin mi àgbà yóò lọ́kọ lọ́jọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì Àrò, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yín yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa Àrò. Ní ọdún 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, kò kó àwọn aláìsàn pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó bá àwọn abúlé tó wà láyìíká sọ̀rọ̀, àwọn aláìsàn sì ń gbé nínú ilé pẹ̀lú ẹbí wọn àti àwọn ará abúlé, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sílé. Ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í dá nìkan sàn. Èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ìyàwó yín bá yín wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ wa ń tilé wá ni, wọ́n á rí dókítà, wọ́n á gba oògùn, wọ́n á sì lọ sí ibi iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ kan náà. Ohun tí a bá bá yín sọ, àárín wa ni ó wà. Nípa ọmọbìnrin yín, bàbá tó ń sùn lóru, tí kò sì ń nà án lásán, ni yóò wúlò fún un nígbà tí ó bá tó lọ́kọ.

Ọmọ Èkìtì

Lórí iṣẹ́ ààbò, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ fi lọ̀ yín: kí ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣọ́lé aládàáni, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Civil Defence, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń fún wọn ní àṣẹ. Òfin kò gba aṣọ́lé aládàáni láyè láti gbé ìbọn, nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé nítorí ìbọn ni òun ṣe fẹ́ gba ológun ń pè yín sí ẹ̀wọ̀n. Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, ti gba àwọn ológun tó fẹ̀yìntì sípò ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, ẹ lè wádìí nígbà tí wọ́n bá ń gba ènìyàn. Ẹ dá kákí padà kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti dá a padà. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́ fún oko.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Maryland

Ológun Amẹ́ríkà ni mo ṣe, kì í ṣe ti ilé, nítorí náà ètò wa kò rí bákan náà. Nígbà tí mo jáde, ìwé DD-214, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé mo ti jáde kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ni mo fi ń gba gbogbo ẹ̀tọ́, òfin GI Bill sì san owó ilé ìwé mi fún oṣù 36. Síbẹ̀, ohun kan jọra. Mo kọ sínú ìwé tí mo fi ń wá iṣẹ́ pé mo jẹ́ sájẹ́ǹtì, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Ẹnì kan ní kí n pa orúkọ ipò rẹ́, kí n kọ ohun tí mo ń ṣe gan-an: pé mo ń bójú tó ọkọ̀ mẹ́rìnlá, pé mo ń kọ iye epo tó wọlé àti èyí tó jáde, pé ènìyàn mọ́kàndínlógún ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Láàárín oṣù kan, wọ́n gbà mí sí ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń ṣe gan-an nínú ọdún 23 yẹn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ẹni tí kò wọ báráàkì rí lè kà.

Ọmọọmọ Sójà Bọ́mà, Ọ̀wọ̀

Bàbá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, nínú ẹ̀ka 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní agbègbè wa níbí, ní Ẹ̀múrè-Ilé, ni Isaac Fádóyèbọ̀ ti wá, ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ní àfonífojì Kaladan ní ọdún 1944, tí àwọn ará abúlé fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀ títí àwọn ọmọ ogun tó wà ní ìhà tirẹ̀ fi dé. Ó padà wálé, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì gbé títí di ọdún 2012. Bàbá àgbà mi kò rí iṣẹ́ ìjọba. Ó padà sí oko kòkó, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ogun, àfi lọ́dọọdún tí òun àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ lọ bá pé jọ ní ọjọ́ ìrántí. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é nígbà náà, kí wọ́n tó gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ìyá mi sọ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni àwọn máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti òde.

Nítorí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Nigerian Legion, ní ìlú tí ẹ bá gbé, kí ẹ sì máa lọ sí ìpàdé wọn. Nígbà tí bàbá àgbà mi kú, ọkùnrin méjì tó kù nínú wọn ni ó mọ orúkọ ibi tí ó ti jà, àwọn ni wọ́n sì sọ ọ́ fún wa létí sàréè.

Ọmọ Odògbó, Ìbàdàn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní alẹ́ àná, mo fún ìyàwó mi ní fóònù, mo sì ní kí ó ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Ó kà á tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé láti ọdún tó kọjá ni òun ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí a óò kó jáde, tí òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a óò jọ lọ sí Ìsẹ́yìn láti wo ìsọ̀ kan lẹ́bàá gáréèjì.

Mo ti wo ìwé mi bí Àgbà Alámàlà ṣe sọ. Ọmọ mi ìkẹyìn kò sí nínú Part Two Orders, orúkọ bàbá mi tó ti dolóògbé sì ni ó ṣì wà ní ibi ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ mi. Mo ti kọ lẹ́tà lórí méjèèjì, akọ̀wé sì ti gbà á. Ọ̀gá Onísùúrù, mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ yín, kòtò kan ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, a ti gba ọjọ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyàwó mi yóò sì bá mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n Jórinjórin, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Ní Ìsẹ́yìn, mo ka ìsọ̀ jórinjórin méje lójú títì kan ṣoṣo, n kò sì rí ẹyọ ẹni kan tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí oko ṣe. Ǹjẹ́ wọ́n ń kọ́ irú rẹ̀ ní Oṣòdì?

Jórinjórin, Agége

Wọn kò ní ẹ̀ka kan fún un nígbà tèmi, àbúrò. Ṣùgbọ́n àwọn tó yan iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lo ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́, ó sì máa ń bàjẹ́. Yan iṣẹ́ àgbẹ̀, kí o máa dúró ti ẹni tó ń tún un ṣe.